Ẹ wo aago kí ẹ tó wo ọba: ẹrù tábìlì kan fún ìfigagbága adé ṣẹ́ẹ̀sì obìnrin ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọmọ ayò kan tó sọnù, ẹ lè yá òmíràn. Bọ́ọ̀dù tó ya létí, sẹ́lótéèpù á mú un dé òpin ìdíje. Ṣùgbọ́n aago tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní èènì, kò sí ọgbọ́n tí adájọ́ lè dá sí i tí ìfigagbága náà á fi rí bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí aago nínú àgbéyẹ̀wò yìí ju bí a ó ṣe pẹ́ lórí àwọn nǹkan tó kù lọ.

Ẹrù tábìlì kan ṣoṣo ni a gbé yẹ̀wò: ọmọ ayò oníke tó wúwo nídìí, bọ́ọ̀dù fínílì tí à ń ká bí ẹní, àti aago DGT 3000 tí àwọn ará Netherlands ṣe. Iṣẹ́ kan pàtó la fi sọ́kàn tí a fi ń wò wọ́n: kí obìnrin méjì jókòó sídìí ìfigagbága adé, eré mẹ́rin, mẹ́fà tàbí méjìlá, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ṣàgámù, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ẹjọ́ rò lórí ohun èlò nígbà tí wọ́n bá tà án tán.

Òṣùwọ̀n wa ni ohun tí wọ́n lò ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Ju Wenjun àti Tan Zhongyi du adé àgbáyé àwọn obìnrin ní Shanghai àti Chongqing, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Eré méjìlá ni wọ́n ṣètò, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ta, nítorí Ju ti kó àmì 6.5, tó ju ìdajì méjìlá lọ, tí Tan sì ní 2.5. Nínú eré kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù wọn ní ìṣẹ́jú 90 fún ìgbésẹ̀ 40 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 30 fún ìyókù, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí aago ń fi kún un lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 yìí la pè ní èènì. Bí ìyá oní-gàrí ní Òkè-Àjẹ bá ti wọn gàrí kún kóńgò tán, á tún bu díẹ̀ lé e. Díẹ̀ náà kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí oníbàárà padà wá. Ti aago náà rí bẹ́ẹ̀: nínú ìgbésẹ̀ 40, èènì nìkan ti di ìṣẹ́jú 20.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọmọ ayò. Irú tí wọ́n ń pè ní Staunton ni FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, fẹ́ fún ìdíje. Gíga tí wọ́n dábàá ni sẹ̀ǹtímítà 9.5 fún ọba, 8.5 fún ayaba, 7 fún bíṣọ́ọ̀bù, 6 fún ẹṣin, 5.5 fún ruúkù, 5 fún pọ́ọ̀nù. Fífẹ̀ ìdí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà láàárín ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀. Ẹ mú rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọba nìkan lẹ máa wọ̀n, tí òun bá ti pé, àwọn yòókù kì í sábà yà kúrò lọ́nà.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àti ohun eré ìdárayá ni bọ́ọ̀dù tó ń pa dé bí àpótí, tí ọmọ ayò rẹ̀ sì wà nínú ikùn rẹ̀. Èyí dára fún inú ilé àti fún ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Fún ìfigagbága adé, kò tó. Ọba rẹ̀ kì í ga tó, ojú bọ́ọ̀dù rẹ̀ kéré, bíṣọ́ọ̀bù àti pọ́ọ̀nù rẹ̀ sì jọra débi pé ẹni tó bá ti jókòó fún wákàtí mẹ́rin lè ṣì wọ́n mú. Èyí tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n fín ọ̀nà sí lára, tí wọ́n ń tà fún ẹ̀ṣọ́ pálọ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀ lọ. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé jiyàn, àmọ́ akópa gbọ́dọ̀ mọ ọba yàtọ̀ sí ayaba láìrònú.

Ìwúwo ni ohun kejì. Wọ́n lè kọ ọ́ sára páálí pé ó wúwo, ẹ má gba páálí gbọ́. Ẹ gbé ọba dúró, ẹ fi ìka tì í lórí títí tó fi tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá ju ọwọ́ sílẹ̀. Èyí tó ní irin nídìí á mì, á sì padà dúró. Èyí tó ṣófo á dojú bolẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Fáànù gbọ̀ngàn wa ń fẹ́ atẹ́gùn líle, apá bùbá obìnrin sì fẹ̀. Bí akópa bá na ọwọ́ mú ruúkù tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, etí apá aṣọ lè gbá pọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ. Òfin ní kí ẹni tó da ọmọ ayò nù tò ó padà síbi tó wà, lórí aago ara rẹ̀. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ́wọ́ nígbà yẹn wà nínú ewu, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ayò ta, bí kò ṣe nítorí pé ọmọ ayò fúyẹ́.

Àléébù ọmọ ayò oníke tó wúwo kò ju méjì lọ, méjèèjì sì ní oògùn. Àkọ́kọ́, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ irin mọ́ inú ìdí rẹ̀. Bí ẹrù bá pẹ́ nínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, gọ́ọ̀mù á jáwọ́, irin á sì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mi ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan létí kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti rà á ló bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí aṣọ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ kán gọ́ọ̀mù Araldite sí i, ẹ dorí rẹ̀ kodò títí di ọjọ́ kejì. Èkejì ni aṣọ ìdí náà fúnra rẹ̀, tó máa ń ṣí létí nígbà òjò nítorí ọ̀rinrin. Gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò ló bá a mu. Gọ́ọ̀mù alágbára inú ìgò kékeré máa ń mú aṣọ náà le gbagidi, á sì máa ha bọ́ọ̀dù.

Ẹ ka ọmọ ayò. Méjìlélọ́gbọ̀n ni ayò nílò láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ṣẹ́ẹ̀tì tó yẹ ìfigagbága adé gbọ́dọ̀ ní: ayaba kan lé fún funfun, ayaba kan lé fún dúdú. Bí pọ́ọ̀nù bá dé ìpẹ̀kun, tó fẹ́ di ayaba, tí ayaba àkọ́kọ́ sì wà lórí bọ́ọ̀dù, ibo ni wọ́n á ti mú òmíràn? Àwọn kan máa ń dorí ruúkù kodò, wọ́n á ní ayaba nìyẹn. Nídìí tábìlì ìdíje, ruúkù ni ruúkù ń jẹ́, ìbáà dorí kodò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà nìyẹn ní 2017, nínú eré àṣekágbá tí wọ́n fi ya adé orílẹ̀-èdè náà láàárín Bator Sambuev àti Nikolay Noritsyn. Ayaba tí Noritsyn nílò kò sí lórí tábìlì, ọwọ́ Sambuev ló wà. Noritsyn gbé ruúkù sílẹ̀ ní ìdoríkodò, adájọ́ sì ní ruúkù ni. Noritsyn pàdánù eré yẹn, adé sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ gbé ayaba méjèèjì tó lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù kí eré tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú ti lè tó wọn. Bí akópa kò bá sì rí ohun tó fẹ́ fi rọ́pò, kó dá aago dúró kó pe adájọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀dù fínílì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí àwọ̀ rẹ̀ má dán (ewéko àti funfun ràkọ̀ràkọ̀ ló dẹrùn fún ojú jù), kí lẹ́tà a sí h àti nọ́ńbà 1 sí 8 wà létí rẹ̀ fún àkọsílẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó bá ọmọ ayò yín mu, ẹ to pọ́ọ̀nù mẹ́rin sínú ojú kan ṣoṣo: kí ojú náà gbà wọ́n rẹ́gí. Bí wọ́n bá yọ síta, ọmọ ayò á há mọ́ra wọn. Bí àyè bá sì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ, bọ́ọ̀dù náà á dà bí gbọ̀ngàn tí ẹnikẹ́ni kò wá. Àléébù rẹ̀ ni pé etí rẹ̀ máa ń ká sókè bí ẹ bá ká a ní ojú-sínú. Ojú-síta ni kí ẹ máa ká a, kí etí rẹ̀ lè máa tẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ. Èyí tó ti bàjẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì tó gba oòrùn díẹ̀, ẹ fi ìwé ńláńlá tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kàn án. Èyí tí wọ́n bá sì ti ṣẹ́ po sí méjì nínú àpò, ìlà rẹ̀ kì í lọ mọ́.

Wàyí o, aago.

Nígbà tí Vera Menchik di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba adé àgbáyé ní London ní 1927, aago olójú méjì tí wọ́n ń wín ni ayé ń lò, irú èyí tí asíá pupa kékeré máa ń já bọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní gbogbo àsìkò tí Nona Gaprindashvili fi wà lórí oyè, láti 1962 sí 1978. Ní 1989 ni Bobby Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gba adé àgbáyé rí, gba ìwé àṣẹ lórí aago tó ń fi àkókò kún àkókò, ní 1992 ló sì fi ta ayò pẹ̀lú Boris Spassky. Láti ìgbà náà ni ìfigagbága kò ti rí bákan náà mọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní ayò tó dára jù lè pàdánù nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó ti ẹnì kejì. Pẹ̀lú èènì, ẹni tó bá ní ayò tó dára nígbà gbogbo ni ìṣẹ́jú-àáyá 30 láti fi hàn pé ó dára.

Ó tún kan ìwé àkọsílẹ̀. Òfin FIDE sọ pé bí ó bá ku akópa ní ìṣẹ́jú tó dín sí márùn-ún, ó lè dáwọ́ ìkọ̀wé dúró, àyàfi tí aago bá ń fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, èènì 30 túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbésẹ̀ ló máa wà lákọsílẹ̀ dé orí èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá wá ní ipò kan ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹta kí eré di ọ̀mì, adájọ́ kò ní gbára lé ẹnu ẹnikẹ́ni. Á ṣí ìwé. Aago tí kò ní èènì á mú kí àwọn méjèèjì jù bírò sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

DGT 3000 ń lo bátìrì méjì, irú AA. Ìdí rẹ̀ ni bọ́tìnnì ìtànná wà. Ètò 25 ti wà nínú rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, ààyè márùn-ún tó tẹ̀lé e sì wà fún èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe, kì í sì í gbàgbé rẹ̀ bí ẹ bá pa á. Ìyẹn ló jẹ́ kí a fẹ́ràn rẹ̀ fún ìfigagbága: ẹ ṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ tí eré méjìlá bá parí. Ojú rẹ̀ ń fi wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá hàn, nọ́ńbà rẹ̀ sì tóbi tó kí adájọ́ tó dúró níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta lè kà á.

Bí ẹ ó ṣe tò ó fún òṣùwọ̀n ti àgbáyé rèé. Ẹ yan ọ̀kan nínú ààyè márùn-ún yẹn. Ẹ fún òsì ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 30, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀tún. Ẹ yan ìlànà Fischer, ẹ fi èènì sí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ìpele kejì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì tún yan Fischer pẹ̀lú 30 níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á rò pé èènì ti ìpele àkọ́kọ́ á bá wọn dé ìkejì. Kì í bá ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Bí ẹ kò bá yàn án, ní wákàtí kẹrin eré, nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, èènì á ṣàdédé dáwọ́ dúró.

Ẹ dán an wò kí ọjọ́ tó pé. Ẹ ṣe ètò kékeré kan: ìṣẹ́jú 1 fún ìpele kìíní, ìṣẹ́jú 1 fún ìkejì, èènì 30 nínú méjèèjì. Ẹ tẹ ọwọ́ aago sọ́tùn-ún sósì bíi mélòó kan, kí ẹ rí i pé 30 ń wọlé, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí apá kan sá títí dé òdo, kí ẹ rí i bí ìpele kejì ṣe ń wọlé. Kí adájọ́ sì tún wo ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó wáyé, ó yẹ kí akópa kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 30 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30, nítorí èènì ìgbésẹ̀ kìíní wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó fi kún un.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn tí kò lo irú rẹ̀ rí ni pé, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣètò rẹ̀, ìṣẹ́jú 30 ti ìpele kejì kì í wọlé nígbà tí ìgbésẹ̀ 40 bá pé. Ìgbà tí 90 àkọ́kọ́ àti èènì rẹ̀ bá tán ló ń wọlé. Ẹni tó ta ìgbésẹ̀ 40 tán pẹ̀lú ìṣẹ́jú 12 lọ́wọ́ á máa rí 12, 11, 10 tí ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú adájọ́. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Bó bá dé òdo, 30 á wọlé, àmì asíá á sì hàn lójú aago, kí adájọ́ lè yẹ ìwé wò bóyá ìgbésẹ̀ 40 ti pé lóòótọ́. Bí kò bá pé, ẹni náà ti pàdánù. Ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn akópa méjèèjì ní ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí eré ti gbóná.

Ọwọ́ aago, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń tẹ̀ lórí rẹ̀, fúyẹ́, kì í pariwo, ojú sì lè rí láti òkèèrè ìhà tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà lókè. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìhà funfun gbọ́dọ̀ wà lókè, nítorí funfun ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi í sí òdì, àkókò dúdú ni á bẹ̀rẹ̀ sí í jó kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọwọ́. Ọwọ́ tí akópa fi gbé ọmọ ayò náà ni kó fi tẹ aago. Adájọ́ ló ń yan ìhà tí aago máa wà, kó sì yan èyí tí òun ti lè rí i láìdìde.

Àléébù kan tó tóbi ni a rí sí i: àtúnṣe láàárín eré kò rọrùn fún ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ kọ́ ọ. Àtúnṣe yìí sì pọn dandan, nítorí bí akópa kan bá ṣe ìgbésẹ̀ tí kò bófin mu, ìṣẹ́jú méjì ni adájọ́ máa fi kún ti ẹnì kejì. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó pàdánù. Kí adájọ́ jókòó ti aago náà fún wákàtí kan nílé, kó dá a dúró, kó fi ìṣẹ́jú méjì kún òsì, kó yọ ọ́, kó fi kún ọ̀tún, títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ọ̀nà. Ìwé ìlànà inú páálí ṣe kedere, ẹ má sọ ọ́ nù.

Owó rẹ̀? Iye aago kan ṣoṣo máa ń tó ti ṣẹ́ẹ̀tì oníke méjì pẹ̀lú bọ́ọ̀dù wọn, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń sá fún un nítorí èyí, tí wọ́n á wá ra èyí tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Orúkọ DGT nìkan kò tó láti fọkàn tán: DGT 1001 kò ní èènì rárá, kíkà sílẹ̀ nìkan ló mọ̀, DGT 1002 ló ní i. Páálí wọn jọra, oníṣòwò tí kò ta ayò rí kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Àwọn aago mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ìdádúró ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ń pè é ní èènì: wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ṣùgbọ́n ohun tí akópa kò lò kì í kún tirẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n báyìí: ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí àkókò bá pọ̀ ju èyí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ, èènì gidi ni. Bí kò bá pọ̀ sí i, ẹ dá a padà.

Bí aago tí ẹ rí kò bá lè ṣe ìpele méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 90 àti èènì 30 ta eré náà látòkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdíje gidi ló ń lo èyí, kò sì tàbùkù adé. Bó bá jẹ́ aago wíwín nìkan ló wà ní ìlú, ẹ wín ojú méjèèjì dọ́gba, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sí agogo mẹ́rin kí asíá lè já ní agogo mẹ́fà, kí olúkúlùkù ní wákàtí méjì. Ó kù díẹ̀ káàtó, ẹ sì nílò adájọ́ tó mọ òfin ìṣẹ́jú ìkẹyìn dáadáa. Fóònù tí wọ́n gbé kalẹ̀ bí aago la kọ̀ pátápátá. Ìpè á wọlé, ojú rẹ̀ á kú, bátìrì á tán, òfin sì kórìíra fóònù nídìí ayò: bí wọ́n bá bá a lára akópa, ó lè pàdánù eré nítorí rẹ̀. Ẹ kò lè fi ohun tí ẹ ní kí ó má mú wọlé ṣe aago fún un.

Ẹ ra aago méjì bí agbára bá wà, kí èkejì wà ní ìpamọ́ pẹ̀lú ètò kan náà nínú rẹ̀. Ẹ tún fi ètò ayò kíákíá, èyí tí àkókò rẹ̀ kúrú tí wọ́n fi ń yanjú ìfigagbága tó bá di ọ̀mì, pamọ́ sí ààyè mìíràn. Ní 2020, Ju Wenjun àti Aleksandra Goryachkina ta eré méjìlá, ó di 6 sí 6, ayò kíákíá ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, 2.5 sí 1.5. Ní 2023, eré kejìlá gan-an ni Ju fi borí Lei Tingjie, 6.5 sí 5.5. Ìfigagbága adé máa ń sún mọ́ra báyìí, kò sì yẹ kó jẹ́ ìgbà tí àwọn obìnrin méjì bá ti jókòó fún ayò àṣekágbá ni adájọ́ á máa wá ìwé ìlànà.

A fẹ́ sọ èyí láìfi bò: ẹ má gbé aago tó dára fún àwọn ọkùnrin kí ẹ wá fi èyí tó kù fún àwọn obìnrin. Aago tó ń fún ènìyàn ní èènì láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni Ju àti Tan fi du adé àgbáyé. Ọmọbìnrin tó ń du adé ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí bákan náà.

Díẹ̀ nípa tábìlì. Gíga tí FIDE dábàá ni sẹ̀ǹtímítà 74. Tábìlì ike tí àwọn oníkánópì ń yáni ṣeé lò bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá mì, ṣùgbọ́n ẹ ká aṣọ sátínnì tó máa ń bò ó kúrò pátápátá. Bọ́ọ̀dù fínílì á máa yọ̀ lórí rẹ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tẹ aago ni gbogbo rẹ̀ á sún díẹ̀. Ẹ fi tábìlì náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú akópa kankan má kọ sí oòrùn. Eré tó bá dé ìgbésẹ̀ 60 lórí òṣùwọ̀n yìí lè gba wákàtí márùn-ún: olúkúlùkù á ti rí ìṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú 30, àti ìṣẹ́jú 30 mìíràn tí èènì ìgbésẹ̀ 60 kó jọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ti parí ní aago mẹ́ta ọ̀sán láì wá iná mànàmáná kiri. Jẹnẹrétọ̀ tó bá pọn dandan, kó jìnnà sí fèrèsé.

Ní ti ọjọ́, ẹni tó bá ń ṣètò fún obìnrin ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ wo kàlẹ́ńdà ìlú mọ́ ti ìdíje. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlù, ìbọn àti ẹṣin kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ronú ní gbọ̀ngàn kankan nítòsí, ọ̀nà á sì dí. Àsìkò Agẹmọ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kan Agẹmọ, ọ̀nà tí wọ́n bá ń gbà sì di èèwọ̀ fún un. Orò náà ńkọ́, pàápàá ní àwọn ìlú Rẹ́mọ? Bí wọ́n bá kéde ìsénilé fún obìnrin, adájọ́ ọkùnrin nìkan ni á dé ibi ìdíje. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ààfin kí ẹ tó tẹ ìwé ìkéde.

Nígbà tí eré bá parí, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ara wọn kí wọ́n tó dìde. Kí adájọ́ ka ọmọ ayò dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kó sì wo abẹ́ àga fún èyí tó bá dín. Bó bá jẹ́ pé eré mìíràn wà lọ́la, ẹ pa aago láti ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ eré àṣekágbá ni, ẹ yọ bátìrì méjèèjì kúrò, nítorí bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú aago máa ń da omi, á sì jẹ irin inú rẹ̀. Ẹ ká bọ́ọ̀dù ní ojú-síta, ẹ fi rọ́bà dè é láàárín, kí ẹ má fún un pọ̀ jù.